Nígbà tí platelet bá ń ròkè rodò: ìfiwéra àwọn ìtọ́jú ITP, láti prednisolone títí dé iṣẹ́ abẹ

Lọ́jọ́ Ajé, ìwé àyẹ̀wò sọ pé platelet jẹ́ 12. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà ó di 140, gbogbo ilé yọ̀. Kí oṣù tó parí, ó ti tún bọ́ sí 19. Bí ìtọ́jú ITP (àìsàn tó ń mú kí ara máa pa platelet inú ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀) ṣe máa ń rí fún ọ̀pọ̀ èèyàn nìyẹn, kò sì fi dandan túmọ̀ sí pé oògùn ò ṣiṣẹ́ tàbí pé aláìsàn ṣe ohun tí kò yẹ. Oògùn kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń gbé nọ́ńbà sókè, ó sì ní bí nọ́ńbà ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí agbára rẹ̀ bá tán. Ẹni tó fẹ́ yan ìtọ́jú, ìsọ̀kalẹ̀ yẹn ni kó kọ́kọ́ bèèrè. Gbogbo dókítà ló máa sọ ibi tí oògùn lè gbé e dé; ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣíwọ́ lílò rẹ̀ ló ń ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

Platelet ni àwọn èérún inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń sáré lọ dí ojú ọgbẹ́. Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe wọ́n, wọn kì í sì í lò ju nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10 lọ. Nínú ITP, àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó gbógun ti kòkòrò àrùn ló ń lẹ̀ mọ́ platelet. Spleen, ẹ̀yà ara tó fara pamọ́ sábẹ́ egungun ìhà òsì, á wá máa gbé wọn mì. Mùdùnmúdùn náà kì í sì í ṣe tó láti dí àlàfo náà. Iṣẹ́ mẹ́ta ni oògùn lè ṣe níbẹ̀: kó dá àwọn apanilára yẹn lẹ́kun, kó dí spleen lọ́wọ́ fúngbà díẹ̀, tàbí kó ta mùdùnmúdùn jí kó máa ṣe púpọ̀ sí i.

Ṣé nọ́ńbà náà jóòótọ́?

Iye tó tọ́ fún àgbàlagbà wà láàárín nǹkan bí 150 sí 400. Láàbù kan á kọ ọ́ báyẹn pẹ̀lú ×10⁹/L lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn á kọ 150,000 sí 400,000. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Èyí tó kúrú la óò máa lò níhìn-ín: 30 túmọ̀ sí 30,000.

Ìgò kékeré olómorí elésè àlùkò ni wọ́n máa ń gba ẹ̀jẹ̀ sí. Èròjà EDTA tó wà nínú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ṣùgbọ́n lára àwọn kan, ó máa ń mú kí platelet so mọ́ra ní ìṣù-ìṣù. Ẹ̀rọ á ka odidi ìṣù bí ẹyọ kan, tàbí kó má kà á rárá, ẹni tó ní 200 á sì gba ìwé 40. Àtúnṣe rẹ̀ ò wọ́n. Kí òṣìṣẹ́ láàbù fi ẹ̀jẹ̀ náà sórí gíláàsì, kó fi maikirosikóòpù wò ó; tàbí kí wọ́n tún un gbà sínú ìgò olómorí búlúù tó ní citrate, kí wọ́n wá fi 1.1 sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀, torí omi citrate inú ìgò ti là á. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré, tí kò sì ní àmì kankan lára, ẹ jẹ́ kó bèèrè èyí kó tó gbé oògùn kankan mì.

Láàbù méjì kì í sì í ka platelet bákan náà nígbà tó bá ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ìyàtọ̀ 8 sí 14 lè má ju ti ẹ̀rọ lọ. Ẹ mú láàbù kan, kí ẹ má kúrò lọ́dọ̀ wọn, kí ẹ sì máa wo ibi tí nọ́ńbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ń kọrí sí dípò kí ẹ máa sunkún lórí ẹyọ kan.

Dídúró wò ó àti bíbẹ̀rẹ̀ oògùn

Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2019 sọ pé àgbàlagbà tó wà ní 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò ṣẹ̀jẹ̀ tàbí tó jẹ́ pé àmì ara lásán ló ní, lè dúró kí wọ́n máa wò ó. Lábẹ́ 30, sítẹ́rọ́ìdì (prednisolone tàbí dexamethasone) ni wọ́n dá lábàá. Ti ọmọdé yàtọ̀: ẹ̀jẹ̀ tó ń yọ ni wọ́n ń wò, wọn ò wo nọ́ńbà. Ọmọ tó wà ní 9 tí àmì pupa wẹ́wẹ́ nìkan sì wà lára rẹ̀, dídúró ló sábà máa ń sàn jù, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ni ITP wọn ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Òbí kì í fẹ́ gbọ́ ọ, ó sì yéni.

Ohun tó ń bọ̀ níwájú náà ń yí ọ̀rọ̀ padà. Àwọn dókítà sábà máa ń fẹ́ kí nọ́ńbà tó 30 kí wọ́n tó yọ eyín kan, kó tó 50 fún iṣẹ́ abẹ kékeré, 80 fún ńlá, 100 fún ti inú ọpọlọ. Fún ìbímọ, 50; tí wọ́n bá máa gún aboyún lábẹ́rẹ́ sẹ́yìn kó má bàa mọ ìrora, wọ́n á fẹ́ kó tó nǹkan bí 70 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni méjì tó wà ní 35 lè má ní ohun kan náà láti yàn: ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ìpákè fún èkejì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ti àkọ́kọ́ lè jókòó. Èkejì nílò ohun tó yára, kò sì ní í dùn ún púpọ̀ bí nọ́ńbà bá tún ṣubú lẹ́yìn oṣù kan.

Bí wọ́n ṣe ń rìn nìyí, kí a tó wọ inú kúlẹ̀kúlẹ̀:

| Ìtọ́jú | Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í hàn | Ó máa ń dé òkè pátápátá | Lẹ́yìn tó bá dáwọ́ dúró |
|---|---|---|---|
| IVIG | ọjọ́ 1–3 | ọjọ́ 2–7 | ó ń padà láàárín ọ̀sẹ̀ 2–4 |
| Dexamethasone | ọjọ́ 2–14 | ọjọ́ 4–28 | ọ̀pọ̀ ń ṣubú láàárín oṣù díẹ̀ |
| Prednisolone | ọjọ́ 4–14 | ọjọ́ 7–28 | ó sábà ń ṣubú bí a ṣe ń dín in kù |
| Romiplostim | ọjọ́ 5–14 | ọjọ́ 14–60 | ó lè já lulẹ̀ |
| Eltrombopag | ọjọ́ 7–28 | ọjọ́ 14–90 | ó lè já sísàlẹ̀ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ |
| Rituximab | ọjọ́ 7–56 | ọjọ́ 14–180 | ti àwọn kan ń pẹ́ ní ọdún |
| Yíyọ spleen | ọjọ́ 1–56 | ọjọ́ 7–56 | ó dúró fún nǹkan bí méjì nínú mẹ́ta |
| Azathioprine | ọjọ́ 30–90 | ọjọ́ 30–180 | ó ń rọra padà |

Prednisolone tàbí dexamethasone

Àwọn méjèèjì ló rọrùn jù láti rí rà, ibẹ̀ sì ni gbogbo èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n prednisolone tó wọ́pọ̀ ni 1 mg fún kílò kan lójúmọ́. Ẹni tó wúwo tó 60 kílò á lo 60 mg, ìyẹn hóró 5 mg méjìlá, lẹ́ẹ̀kan náà láàárọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ; tó bá pín in sí alẹ́, kò ní í rí oorun sùn. Ó máa ń wà lórí ìyẹn fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù, ìlànà 2019 sì fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ parí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Dexamethasone kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ: 40 mg lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, ó tán. Tí kò bá tó, wọ́n lè tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Níbí ni àṣìṣe kan ti ń wọlé. 40 mg jẹ́ hóró 4 mg mẹ́wàá. Hóró 0.5 mg ló kún ọ̀pọ̀ kẹ́míìsì, ọgọ́rin rẹ̀ ló máa di 40 mg. Ojú olùtajà á wo ọgọ́rin hóró, á rò pé dókítà ṣì í kọ, á fún aláìsàn ní 4 mg. Ọjọ́ mẹ́rin á kọjá, nọ́ńbà ò ní í gbéra, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú fáìlì pé oògùn ò ṣiṣẹ́. Ẹ ka hóró náà fúnra yín, kí ẹ sì bá ìwé dókítà wò ó.

Dexamethasone máa ń gbé nọ́ńbà sókè kíákíá ju prednisolone lọ. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá wo àwọn méjèèjì lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, iye àwọn tí nọ́ńbà wọn ṣì dúró kò yàtọ̀ síra. Nítorí náà, ara yín àti ìwà yín ni kí ẹ fi yàn. Agbára 40 mg dexamethasone ju ti 250 mg prednisolone lọ. Fún àgbàlagbà tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ó lè lé ṣúgà rẹ̀ sókè lójijì, prednisolone tó ń rọra lọ ló sábà máa ń bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lára mu. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tó sì mọ̀ pé òun lè máa ra prednisolone fúnra òun lẹ́yìn tí dókítà bá ní kó ṣíwọ́, ọlọ́jọ́ mẹ́rin yẹn ló yẹ ẹ́. (Hóró wọ̀nyí kan náà ni àwọn kan ń rà láti fi sanra. Tí ẹ bá ti lò ó rí fún ìyẹn, ẹ sọ fún dókítà láìtijú, torí ó ń yí àyẹ̀wò àti ìtọ́jú padà.)

Ibi tí prednisolone ti ń di wàhálà ni ìgbà ìdínkù. Ó wà ní 60 mg, nọ́ńbà jẹ́ 150. Ó di 30 mg, nọ́ńbà jẹ́ 90. Ó di 15 mg, nọ́ńbà já sí 20. Wọ́n dá a padà sí 40 mg, ó tún gòkè. Wọ́n tún dín in kù, ó tún já. Sítẹ́rọ́ìdì kàn di àwọn ọmọ ogun ara lọ́wọ́ mú ni. Bó ṣe ń tú wọn sílẹ̀ ni wọ́n ń padà sẹ́nu iṣẹ́. Tí èyí bá ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, yíyí padà sí oríṣi oògùn mìíràn ló kàn. Dídá a padà sókè lẹ́ẹ̀kẹta ló ń mú ojú wú, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ojú tó ń ṣú àti egungun tó ń ṣá wọlé. Ẹ má sì ṣíwọ́ rẹ̀ lójijì tí ẹ bá ti lò ó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ: ara ti gbàgbé láti máa ṣe tirẹ̀, èèyàn lè máa bì kó sì dákú.

Kó tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n wọn ṣúgà àti ìfúnpá, kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò HIV, hepatitis B àti C. HIV àti hepatitis C fúnra wọn lè fa irú platelet kékeré yìí, hepatitis B tó ń sùn sì lè jí tí sítẹ́rọ́ìdì bá wọlé. Ẹni tó ń húkọ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ ní láti ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ní ilẹ̀ wa, ẹ tún rántí aràn strongyloides tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé látinú ilẹ̀ tútù. Ó lè wà nínú èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún láìṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n lábẹ́ sítẹ́rọ́ìdì ó lè pọ̀ káàkiri ara kó sì pani. Ivermectin ló ń pa á, dókítà sì lè fún yín kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀.

IVIG, anti-D, àti fífa platelet sára

Ẹ ka àwọn wọ̀nyí sí owó yíyá. Wọ́n ń gba èèyàn là, ṣùgbọ́n wọ́n á gba owó wọn padà.

IVIG jẹ́ èròjà tí wọ́n yọ nínú omi ẹ̀jẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùfitọrẹ, ìdí nìyẹn tó fi wọ́n. Ìwọ̀n rẹ̀ ni 1 g fún kílò kan, lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì lè tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. Ẹni 60 kílò nílò 60 g: ìgò 10 g mẹ́fà tàbí 5 g méjìlá. Ẹ ṣe ìṣirò yìí kí ẹ tó gba iye owó lẹ́nu ẹnikẹ́ni, torí iye ìgò kan ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ. Ó ń dí spleen lọ́wọ́, nítorí náà nọ́ńbà máa ń fò sókè láàárín ọjọ́ mélòó kan. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó ti sábà padà síbi tó wà. 140 tí ẹ rí lọ́jọ́ karùn-ún lẹ́yìn IVIG kò túmọ̀ sí pé àìsàn ti lọ, ẹni tó bá fi ṣíwọ́ àwọn oògùn rẹ̀ tó kù yóò kábàámọ̀. Tí wọ́n bá jẹ́ kó yára sáré wọlé, ẹ̀fọ́rí líle, òtútù àti ibà ló máa ń tẹ̀ lé e. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì mu omi dáadáa, pàápàá ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò lágbára.

Ọ̀fìn kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í rí: èròjà àwọn olùfitọrẹ tó wà nínú IVIG lè mú kí àyẹ̀wò hepatitis B jáde bí ẹni pé ẹ ti ní in rí. Tí rituximab bá lè tẹ̀ lé e lọ́jọ́ iwájú, ẹ gba ẹ̀jẹ̀ àyẹ̀wò hepatitis kí IVIG tó wọlé.

Anti-D (èròjà kan tó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa) rọ̀ lówó ju IVIG lọ níbi tó bá wà. Ẹni tó jẹ́ Rhesus pọ́sítífù, tí spleen rẹ̀ ṣì wà nínú, nìkan ló lè gbà á. Ó ń ṣiṣẹ́ nípa fífi ẹ̀jẹ̀ pupa dí spleen lẹ́nu, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ pupa yóò dín kù díẹ̀, nígbà mìíràn púpọ̀ gan-an. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kéré tẹ́lẹ̀ kó jìnnà sí i. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi irú tí a ń gún aboyún Rhesus nẹ́gátífù sínú iṣan ẹran rọ́pò rẹ̀. Púpọ̀ nínú ìyẹn kò ṣe é fà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀.

Fífa platelet sára ni gbogbo ẹbí máa ń kọ́kọ́ béèrè: "Ó kéré, ẹ bá wa fi kún un." Nínú ITP, omi inú apẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn tó ń pa ti ara rẹ̀ á pa ti àlejò náà, nígbà mìíràn láàárín wákàtí mélòó kan. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà tó lè pani nìkan ni wọ́n ń lò ó, pẹ̀lú IVIG àti sítẹ́rọ́ìdì pọ̀. Ti ẹni tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀ pátápátá: mùdùnmúdùn rẹ̀ ló dákẹ́, kò sí ẹni tó ń pa platelet, nítorí náà fífà á sára ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì sábà máa ń ṣe é tí nọ́ńbà bá wà lábẹ́ 10, tàbí lábẹ́ 20 tí ibà bá wà. Ìwọ̀n ooru 20 sí 24 °C ni wọ́n ń tọ́jú platelet sí, lórí ẹ̀rọ tó ń mì í, ọjọ́ márùn-ún péré sì ni lọ́pọ̀ ibi. Kò sí bí a ṣe lè kó o sínú fíríìjì dè yín. Ẹ bá ilé ìfẹ̀jẹ̀pamọ́ sọ̀rọ̀ ṣáájú ọjọ́ tí ẹ máa nílò rẹ̀.

Tranexamic acid kì í sún nọ́ńbà rárá, bóyá ìdí nìyẹn tí wọn ò fi kà á sí. Ó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ti dì lójú ọgbẹ́ má tètè yọ́. Fún ẹ̀jẹ̀ eyín, ẹ̀jẹ̀ imú àti nǹkan oṣù tó ń ya bí odò, 1 g, ìyẹn hóró 500 mg méjì, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, sábà máa ń ṣe bẹbẹ pẹ̀lú owó kékeré. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń bá ìtọ̀ rẹ̀ jáde kò gbọ́dọ̀ lò ó láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀: ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú ọ̀nà ìtọ̀.

Eltrombopag, romiplostim, avatrombopag

Àwọn wọ̀nyí kì í dá ọmọ ogun ara dúró. Wọ́n ń ta mùdùnmúdùn jí ni. Méjì àkọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2008, avatrombopag gba tirẹ̀ fún ITP lọ́dún 2019. Bí ẹ bá ń lò wọ́n, ó ṣeé ṣe kí nọ́ńbà dára fún ọdún púpọ̀. Bí ẹ bá ṣíwọ́ lójijì, ó lè já sísàlẹ̀ ibi tó wà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà wọ́n máa ń wo ẹ̀jẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ìdádúró.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ ọ́ gbangba: ẹ má fi pákẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n kó wá láti London bẹ̀rẹ̀ eltrombopag. Tí ẹ ò bá rí ọ̀nà tí oògùn yóò fi máa wá fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, ẹ bá dókítà wo ẹ̀ka rituximab tàbí azathioprine ná.

Eltrombopag jẹ́ hóró. 50 mg lójúmọ́ ni àgbàlagbà púpọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ ju 75 mg lọ. Oúnjẹ ni ọ̀tá rẹ̀. Calcium, irin, magnesium àti zinc máa ń so mọ́ ọn nínú ìfun, kò sì ní í wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ lò ó ní wákàtí méjì ṣáájú wọn tàbí wákàtí mẹ́rin lẹ́yìn wọn. Mílíìkì inú ògì, wàrà, yógọ́ọ̀tì, oògùn ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ń mu, oògùn inú rírun, fítámìnì alápapọ̀, ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ teegunteegun: gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ń mu ògì onímílíìkì láago méje àárọ̀ tó wá fi eltrombopag tẹ̀ lé e láago méje ààbọ̀ ti ju owó rẹ̀ nù. Ó rọrùn láti lò ó láago mẹ́wàá alẹ́ nígbà tí oúnjẹ alẹ́ tí kò ní mílíìkì ti wà nílẹ̀ láago mẹ́fà. Nígbà tí nọ́ńbà ẹni tó ń lo eltrombopag bá ń fò kiri láìnídìí, ibí ni ká kọ́kọ́ wò.

Avatrombopag kò ní ìjà yẹn. Pẹ̀lú oúnjẹ ni wọ́n ń lò ó, 20 mg lójúmọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀, kì í sì í béèrè àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ lemọ́lemọ́ bí ti eltrombopag, tí wọ́n ń wò lọ́sẹ̀ méjì-méjì níbẹ̀rẹ̀ àti lóṣooṣù lẹ́yìn náà. Rírí rẹ̀ ló kù.

Romiplostim jẹ́ abẹ́rẹ́ abẹ́ awọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, láti 1 µg (microgram) fún kílò kan títí dé 10. Ó lágbára, ṣùgbọ́n òun ló máa ń ròkè rodò jù: 15 lọ́sẹ̀ yìí, 420 lọ́sẹ̀ kejì, 30 lọ́sẹ̀ kẹta. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n rí 420, wọ́n dá abẹ́rẹ́ dúró, nọ́ńbà já, wọ́n wá fi ìwọ̀n ńlá lé e padà. Sísọ ìwọ̀n rẹ̀ kalẹ̀ ní 1 µg 1 µg kí nọ́ńbà tó kọjá ààlà, àti gbígba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ló ń mú un jókòó. Inú fíríìjì ló ń gbé, ní ìwọ̀n 2 sí 8 °C. Níbi tí iná ìjọba ti ń lọ fún ọjọ́ méjì, èyí nìkan tó láti fi yan hóró dípò rẹ̀.

Àfojúsùn fún gbogbo wọn ni 50 tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń lé 200 kiri ń wá ẹ̀jẹ̀ dídì sínú iṣan: tí nọ́ńbà bá ti ń kọjá 200, wọ́n sábà máa ń dín in kù, tó bá ju 400 lọ, wọ́n ń dá a dúró fúngbà díẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú tó sì ń dunni, tàbí èémí tó gé lójijì, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà. Eltrombopag kì í sì í fi ìyàtọ̀ hàn kíákíá lẹ́yìn tí wọ́n bá yí ìwọ̀n rẹ̀ padà, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Rituximab, yíyọ spleen, azathioprine àti dapsone

Ẹni tó fẹ́ ìtọ́jú tó ń parí, tí kì í ṣe èyí tó ń lò títí ayé, ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí ló ń bọ̀. Rituximab jẹ́ dírípì mẹ́rin, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ìwọ̀n tó wà nínú ìwé ni 375 mg fún square metre awọ ara kọ̀ọ̀kan, bíi 640 mg fún àgbàlagbà ẹlẹ́ran ara wọ́ntúnwọ́nsì. Ṣùgbọ́n wọ́n ti lo 100 mg lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin náà, pẹ̀lú àbájáde tó wúlò, níbi tí owó ti jẹ́ ìṣòro. Ẹ béèrè nípa rẹ̀. Nǹkan bí mẹ́fà nínú mẹ́wàá ló ń rí àǹfààní níbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ó ti kù sí bí ẹyọ kan nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹni tó bá ní hepatitis B kò gbọ́dọ̀ gbà á láìsí oògùn tó ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kì í sì í ṣiṣẹ́ dáadáa fún oṣù mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà kí èyí tí ẹ máa gbà ṣíwájú.

Yíyọ spleen ló ní àbájáde tó ń pẹ́ jù: nǹkan bí méjì nínú mẹ́ta ni nọ́ńbà wọn ń dúró. Kò yẹ kó wáyé kí ọdún kan tó pé, torí àwọn kan ń sàn fúnra wọn láàárín ìgbà yẹn. Kí ẹ gba àjẹsára pneumococcus, meningococcus àti Hib, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ohun tí a ń gbé lé ìwọ̀n ní Nàìjíríà àti Benin ni ibà: spleen ló ń sẹ́ kòkòrò ibà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ẹni tí kò ní in mọ́ lè ṣàárẹ̀ gidigidi láàárín wákàtí díẹ̀, nítorí náà oògùn ìdènà ibà àti nẹ́ẹ̀tì di ti ayérayé. Ara gbígbóná di ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, kì í ṣe ohun tí a ń fi agbo wò títí di ọ̀la. Fún ẹni tó ń gbé ní London tàbí Houston, ìwọ̀n náà yàtọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrìn àjò sílé yóò gba ìmúrasílẹ̀. Tí nọ́ńbà bá já lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kí wọ́n wá spleen kékeré tí wọ́n gbàgbé sínú.

Azathioprine rọ̀ lówó, ó sì ń falẹ̀: oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kí a tó lè dájọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ lè dín platelet kù tí ìwọ̀n bá pọ̀ jù, kò sì gbọ́dọ̀ bá allopurinol (oògùn gout) pàdé. Dapsone náà rọ̀, ó sì yára jù ú lọ, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa. Àìtó G6PD pọ̀ láàárín wa, pàápàá lára ọkùnrin, dapsone á sì fọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa irú ẹni bẹ́ẹ̀. Aboyún kò ní ọ̀nà púpọ̀: prednisolone àti IVIG ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ lò.

Nígbà tí nọ́ńbà bá já tí oògùn ò yí padà

Ibà àti òtútù lásán ń já a. Ẹ tọ́jú àìsàn náà, kí ẹ tún ṣe àyẹ̀wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí wọ́n tó fi ìwọ̀n oògùn ITP kún un, àyàfi tí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ. Quinine àti co-trimoxazole lè jẹ́ kí ara pa platelet fúnra wọn. Aspirin, ibuprofen, diclofenac àti piroxicam kì í dín nọ́ńbà kù, ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ èyí tó kù di ọ̀lẹ; aspirin ló sì wà nínú Alabukun. Paracetamol ni kí ẹ lò fún ìrora. Tí platelet bá wà lábẹ́ 50, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gún yín lábẹ́rẹ́ ibà sí ìdí. Ẹ béèrè hóró tàbí èyí tó ń gba iṣan ẹ̀jẹ̀.

Ewé ìbẹ́pẹ ni gbogbo ènìyàn ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àwọn tó ní ibà dengue ni wọ́n ti dán an wò lára, dengue sì yàtọ̀: nọ́ńbà rẹ̀ máa ń gòkè fúnra rẹ̀ bí ibà náà bá ti ń lọ. Tí ẹ bá ń mu ún pẹ̀lú eltrombopag tàbí azathioprine, kí dókítà mọ̀, torí tí àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ bá bàjẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ ẹni tó jẹ̀bi.

Lára aláwọ̀ dúdú, àmì pupa wẹ́wẹ́ kì í tètè hàn. Ẹ wo òkè ẹnu, inú ètè, ojúgun àti àtẹ́lẹsẹ̀. Róró ẹ̀jẹ̀ nínú ẹnu ṣe pàtàkì ju àmì ara lọ. Ẹ̀fọ́rí líle tó dédé bẹ̀rẹ̀, èébì, ojú tó ń rí méjì-méjì, apá tó rọ, ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, tàbí kí èèyàn forí gbá nígbà tí nọ́ńbà kéré: ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́, ẹ má sì dúró de èsì láàbù.

Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ fa ìlà sí i: ọjọ́, nọ́ńbà, láàbù, oògùn àti iye mg rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀jẹ̀ tó yọ, ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ náà (ibà, nǹkan oṣù, oògùn tí ẹ gbàgbé, ọjọ́ IVIG). Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ tẹ́ ẹ síwájú dókítà yín. Ìlà prednisolone tó ń já ní 15 mg lẹ́ẹ̀mejì á hàn níbẹ̀ kedere, tí ẹ̀yin méjèèjì bá jọ wò ó.